Ìlú Tó Kọ̀ Láti Ṣubú

Ọdún-Wo ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é lẹ́yìn. Kì í ṣe èébú. Ìbéèrè tó máa ń bi wọ́n ni wọ́n sọ di orúkọ fún un. Bí ọmọ kan bá dìde tó ní ọba kan mọ odi, tàbí pé ìyàn kan mú, kò ní tíì pa ẹnu dé tí obìnrin náà, tíṣà ìtàn wọn, á fi ní, "Lọ́dún wo?" Bí ọmọ náà ò bá mọ ọdún, odi wó nìyẹn.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Tábìlì tèmi àti tirẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú yàrá àwọn tíṣà, lábẹ́ fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ tí wọ́n fi páálí dí. Ó jù mí lọ dáadáa. Àbúrò ló ń pè mí, Màmá ni èmi náà ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi, díẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, ìyókù sì jẹ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nígbà tí mo gbé fíríìjì mi lọ pé kó bá mi wò ó. Ẹnu tọkọtaya náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Wọ́n fi iṣẹ́ ìtàn sí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí páànù ti gbóná tí ikùn sì ti wúwo. Màmá á máa sọ ogun tó fọ́ ìlú àtijọ́, àwọn ọmọ á gbórí lé tábìlì bí ẹni pé ogun náà ò kan baba ńlá wọn. "Àbúrò mi," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan bó ṣe ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, "mo sọ fún wọn lónìí pé iná jó ìlú kanlẹ̀. Ọmọ kan yán. Ìlú ń jó, òun ń yán."

Ìtàn ogun náà ò gùn bí èmi bá ní n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odindi sáà kan ni Màmá fi ń sọ ọ́. Ìlú àtijọ́ wà láàárín odò àti òkè. Àwọn ará òdìkejì odò ti ń wá a pa tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọjá, nítorí pé ti ìlú ni gbogbo atukọ̀ tó wà létí omi. Lọ́dún kan, ọ̀dá dá, omi fà, àwọn ará òdìkejì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kọjá. Ìlú ṣubú. Àwọn tó rí ọ̀nà sá gorí òkè, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí àwọn ọmọ wọn fi sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tí a ń gbé yìí dó.

Ọkọ Màmá máa ń tún fíríìjì ṣe. Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwọn fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ dúró síbẹ̀ bí èèyàn tó ń dúró de mọ́tò. Bí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, á gbé ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì lé orí ọ̀kan tó ti dojú bolẹ̀, á máa bá ẹni tó bá kọjá ta. Ọ̀ta ayò ni, kò sì fi pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí pé kò lẹ́ran lára, máa ń yà síbẹ̀ bó bá ń lọ sílé, òun náà á sì ta díẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí, bí a bá ń sọ ti ìtàn, òfo ni. Màmá ti bi í nígbà kan pé kí ló jẹ́ kí ìlú ṣubú, ó ní bóyá wọn ò mọ odi rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí Màmá ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá ọmọ náà lójúde tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ta ayò kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ gbé ẹṣin yín síbí, sà. Mo fi ọmọ-ogun dí i. Ẹ bú mi díẹ̀. Ẹ wá fà á padà sí ọ̀hún." Ó tò ó títí dé ìparí, kò fo ọ̀kan.

Màmá gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló ní kí o kọ́ gbogbo èyí sórí?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà," ni ọmọ náà wí. "Èmi ni mo ta á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Màmá sinmi mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ti ń fi ogun ọlọ́gun kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n bá fúnra wọn jà á, ta ló máa gbàgbé? Ó lọ bá káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì wọn, ó ní kó gbẹ́ ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì tuntun fún òun. Ọba ìlú wà níbẹ̀, balógun àwọn ará òdìkejì wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti ọmọ-ogun wà. Ìlú ní atukọ̀ méjì, ẹsẹ̀ kan síwájú, àjẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará òdìkejì ò ní ìkankan. Ó gé aṣọ búlúù kan lára yúnífọ́ọ̀mù àtijọ́, ó tẹ́ ẹ gba àárín ọpọ́n kọjá. Odò nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè tẹ aṣọ náà àfi tí atukọ̀ bá dúró tì í. Bí wọ́n bá ti ta á dé ìwọ̀n kan, ọ̀dá dé, wọ́n á ká aṣọ náà kúrò, ọ̀nà là fún gbogbo ayé.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a dán an wò, ní ọ̀sán Sátidé, nínú pálọ̀ wọn. Ọkọ mú ìlú, ìyàwó mú àwọn ará òdìkejì. Kò pẹ́ tí wọ́n ká odò tí baálé ilé há balógun mọ́ igun.

"Kí lẹ ṣe yìí, Bàbá wọn?"

"Mo jẹ ọ́."

"Ìlú ló yẹ kó ṣubú."

"O ò sọ fún mi kí n tó jókòó."

Wọ́n pààrọ̀ ìhà. Ọkọ mú àwọn ará òdìkejì báyìí, ó tú ìlú ká bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹ̀pà. Màmá pàtẹ́wọ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n jẹ tó ń dúpẹ́ rí láyé òun. Ó kìlọ̀ fún un pé, "Tíṣà, eré yìí ò mọ ìtàn o. Ọ̀ta ló mọ̀." Màmá ní ọ̀pẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ òun, kò sí ọ̀ta láàárín wọn, ìtàn á wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Ó gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kí n má purọ́, ó dùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ọ̀sán lójú ọ̀nà kí wọ́n lè tètè dé. Wọ́n fi páálí gé ọpọ́n tiwọn, wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe ọmọ-ogun. Mo ń kọ́ wọn ní ìdá lọ́wọ́, mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún èkejì pé atukọ̀ rẹ̀ ti jìnnà sétí omi jù. Inú Màmá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń kọrin nínú yàrá àwọn tíṣà, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ pé ó lè ṣe.

Ìdánwò ìparí sáà ló wá bà á jẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé bí ìlú àtijọ́ ṣe ṣubú. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó kà á, ó ti í sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Ìlú àtijọ́ kò ṣubú. Àwọn atukọ̀ wa fẹ̀yìn ti ara wọn, ẹlẹ́ṣin wa sì fò kọjá lọ há balógun wọn mọ́ igun." Ọmọ mìíràn kọ ọ́ pé ó ṣubú lọ́jọ́ Ajé nítorí pé òun ò lajú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn gbà á padà lọ́jọ́ Ẹtì. Bó ṣe ń ṣí wọn ni ìlú ń borí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í kọ ju ìlà méjì lọ, kọ ojú ewé tó kún bámúbámú, ìwé tó dùn ún kà, nípa ogun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé.

"Ó kọ ọdún sí i," ni Màmá wí. "Ọdún rẹ̀ pé. Àbúrò, ọdún nìkan ló pé níbẹ̀. Kí ni kí n fún un?"

Mo ní ó kéré tán, wọ́n rántí.

"Wọ́n rántí irọ́," ló fèsì. "Nígbà tí wọ́n ń sùn, wọn ò mọ nǹkan kan. Ní báyìí, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì dá ara wọn lójú. Èmi ni mo sì kọ́ wọn."

Ó tún eré náà ṣe nígbà ìsinmi. Bí ọ̀dá bá ti dé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó àwọn atukọ̀ kúrò, ọba ìlú ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan. Báyìí ò sí bí ìlú ṣe lè borí mọ́, ọ̀ta ì báà mú un. Nígbà tí wọ́n wọlé sáà tuntun, kò sí ọmọ tó fẹ́ mú ìlú. Wọ́n ń jà nítorí àwọn ará òdìkejì, ọmọ méjì fa ara wọn láṣọ ya. Àwọn tí ìlú bá já mọ́ lọ́wọ́ á yára fà á lé àwọn ará òdìkejì lọ́wọ́ kí wọ́n lè lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan gbé ọba rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Mà, ó ti kú. Ṣé mo lè máa lọ?"

Ó sọ èyí fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní, "Eré tí a ti mọ ẹni tó máa kú níbẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìsìnkú nìyẹn. Ìsìnkú lo ní kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá máa ṣe lójoojúmọ́." Màmá bínú, ó dìde lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó tún un ṣe ló dára jù, lójú tèmi. Ó fi ìlà ẹ̀yìn ọpọ́n ṣe òkè. Ìlú á ṣubú, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìlú á borí bó bá lè kó èèyàn tó pọ̀ tó dórí òkè kí ọba tó kú. Àwọn atukọ̀, tí wọn kì í kó kúrò mọ́, á máa dá àwọn ará òdìkejì dúró, àwọn ọmọ-ogun á máa sá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti òun ta á nínú yàrá àwọn tíṣà, mo ti dìde dúró bí mo ṣe ń wá ọ̀nà fún ọmọ-ogun mi tó kẹ́yìn. Kò tíì gbé e wọ kíláàsì dáadáa tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa fi sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa eré náà.

Ọkùnrin náà dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní kí àwọn ọmọ ta á fún òun rí. Màmá to èyí tó ní òkè kalẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó ń mi orí. Nígbà tí wọ́n parí, ó béèrè pé ta ló borí. Ọmọ tó mú ìlú na ọwọ́.

"Ṣùgbọ́n ìlú rẹ ti bàjẹ́," ni ọkùnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mi ti sá lọ."

Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá wa, iṣẹ́ yín dára. Kí ló wá dé tí àwa fi ń sá níbẹ̀?"

"Nítorí pé a sá, sà."

"Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi lójúde pé ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ tí ìlú ti lè borí. Wọ́n ní òun ló dùn jù."

"Ó wà, sà. Mo ti pa á tì. Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí eré ni."

"Bó bá jẹ́ eré lásán ni, kí ni ọ́fíìsì ń wá níbẹ̀?"

Ọ̀gá wa wúkọ́. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó fà á létí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé àwọn ọmọ nílò ohun tí wọ́n máa fi gbé orí sókè. Ó ní kó jẹ́ kí ìlú máa borí, àwọn á ṣe é lọ́pọ̀, àwọn á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára páálí. Mo wo Màmá. Mo mọ̀ pé ohun tó ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn, kí gbogbo ọmọ máa fi ìtàn ìlú wọn ṣeré. Ó fi ìka kan ìlà ẹ̀yìn ọpọ́n.

"Bí ìlú bá borí, sà, ta ló gorí òkè?"

"Mi ò gbọ́ yín yé, mà."

"Àwọn tó sá gorí òkè ló bí àwọn tó bí wa. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sá, níbo ni èmi àti ẹ̀yin ti wá?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn, kí Màmá lọ rò ó dáadáa. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó lọ.

Bí mọ́tò rẹ̀ ṣe jáde ni ọ̀gá wa ní, "Màmá, ẹ ò bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe tiyín."

"Kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà."

Nílé, ọkọ rẹ̀ náà ò gbè é. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ lo ti ń sọ pé wọn ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ báyìí, o tún ní wọn ò gbọ́ ọ dáadáa. Kí gan-an lo fẹ́?" Màmá ní òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè bà á jẹ́ mọ́. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi fún bí ọjọ́ mélòó kan, àfi "oúnjẹ ti délẹ̀" àti "mo ti gbọ́."

Ọdún yípo. Páálí ńlá kan dé sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Eré ni, ike dídán, ọmọ funfun àti ọmọ pupa. "Ìlú Ajagunṣẹ́gun" ni wọ́n kọ sí i lára. Kò sí orúkọ Màmá níbẹ̀. Ọ̀gá wa gbé e fún un pé kó máa fi kọ́ wọn, ó ní òun ló kúkú mọ̀ ọ́n jù. Màmá gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó tú u, ó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ ọpọ́n náà wò lójú méjèèjì, ó tún gbọn páálí náà bóyá nǹkan ṣẹ́ kù síbẹ̀.

"Wọ́n yọ odò," ló wí.

Mo bá a yẹ ìsàlẹ̀ páálí náà wò.

"Wọn ì báà gbà á lọ, kí wọ́n ní ìlú borí, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ odò. Níbo ni àwọn ará òdìkejì ti ń bọ̀? Òdìkejì kí ni?"

Ó lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ro ó. Wọ́n ní ọkùnrin ọjọ́sí ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga rẹ̀ fún un lómi mu, ó ní àròyé Màmá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n á ṣiṣẹ́ lé e lórí. Màmá béèrè pé iṣẹ́ wo. Ọmọbìnrin náà ní wọ́n á ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nígbà tó padà dé, ó ní ẹni tó ń jà pẹ̀lú ògiri sàn ju òun lọ, torí ògiri kì í rẹ́rìn-ín síni.

Kò lè ní kí àwọn ọmọ má ta ti ọ́fíìsì, ó ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́. Kò sì ní gbà kí wọ́n ta á kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí èmi rò pé kò ní pẹ́ kó tó sú u. Ó to ti ọ́fíìsì àti tirẹ̀ kalẹ̀ nínú kíláàsì, ó ní kí wọ́n ta èyí tó bá wù wọ́n, kí ẹni tó bá lè borí borí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá parí, àwọn méjèèjì á dìde, wọ́n á sọ ibi tí ayò tiwọn ti yà kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àti ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Ọmọ kan ní àwọn yà níbi tí ọ̀rẹ́ òun ti rẹ́ òun jẹ. Òmíràn ní òun ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo ń gbọ́ ohùn Màmá láti kíláàsì tèmi, ó ti ń há. Wọ́n ń tún un sọ, ó ń tún un bi wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló lọ bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí èrè kankan níbẹ̀.

Ó wá kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ti Màmá ló ta, èyí tó ní odò. Ó dìde, ó ní, "A yà lọ́dọ̀ àwọn atukọ̀, mà. Èmi mọ̀ pé ọ̀dá ń bọ̀, mo fi àwọn méjèèjì sí ibi tí omi ti máa kọ́kọ́ fà, mi ò sì gbé wọn kúrò. Àwọn ará ìjọ́un náà rí i pé omi ń lọ sílẹ̀. Kò lè jẹ́ ọjọ́ kan ló gbẹ. Kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀? Níbo ni àwọn atukọ̀ lọ?"

Màmá kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà jókòó, òun á wádìí rẹ̀.

Bó ṣe wọ yàrá àwọn tíṣà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Mo ní ìbéèrè tó dára ni ọmọ náà béèrè. Ó ju ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, àbúrò. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò mọ ibi tí àwọn atukọ̀ wà. Mo kàn ń sọ pé omi fà, omi fà. Mi ò bi ara mi rí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá a kiri. Ó ti tú àwọn ìwé àtijọ́ tó wà nílé-ìkàwé, eruku wọn fa ikọ́ fún un, kò rí i. Ó ti lọ bá àwọn àgbà. Ọ̀kan ní àwọn atukọ̀ ti ta ọkọ̀ wọn nítorí pé kò sí omi tí wọ́n máa wà á lórí rẹ̀. Òmíràn ní wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n jà, gbogbo wọn kú, òun ni kò fi sí ẹni tó ròyìn wọn. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ọmọ ọmọ atukọ̀, lé e jáde, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi ìlú ru ìdílé àwọn ni. Màmá ń bá gbogbo wọn jà, ó sì tún ń padà lọ.

Ọdún tó ń bọ̀ ló máa fẹ̀yìn tì. Páálí ike ṣì wà nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ìlú sì ń borí níbẹ̀. Nígbà tí mo kọjá níwájú ilé wọn lọ́jọ́ Sátidé tó lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó ti ọpọ́n tó ní aṣọ búlúù lórí fíríìjì tó dojú bolẹ̀, Màmá ló mú ìlú, ó ń ráhùn pé ọkọ òun, tó ti na ọwọ́ láti ká odò, yára ju ọ̀dá lọ.